Nígbà Tí Lẹ́tà Ogun Sùn nínú Fírísà Ẹja

Ní oṣù tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa pe àwa àgbà pé ká wá sọ irú iṣẹ́ tí a ṣe láyé wa, kí wọ́n lè mọ èyí tí àwọn náà máa yàn. Nọ́ọ̀sì sọ tirẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sọ tirẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e sọ́rùn. Nígbà tó kàn mí, ọmọbìnrin kan tó jókòó síwájú bi mí pé, "Grandma, kí lẹ̀yin ń ṣe kí ẹ tó retire?" Mo ní, "Lẹ́tà àwọn òkú ni mo ń tọ́jú." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan rọra sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "She's joking."

Àwàdà kọ́ o. Àkókò tí wọ́n fún mi kò tó láti ṣàlàyé, ni mo bá ní màá kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Òun nìyí. Ẹni tó bá ní sùúrù kó jókòó tì mí. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ tó máa fi ra ọkọ̀ olówó ńlá lọ́dún tó ń bọ̀, kó máa lọ bá oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà yẹn, inú mi ò ní bàjẹ́. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Ọkọ mi ni mo tẹ̀ lé wá sí Atlanta. Òun ń kàwé, èmi ń wáṣẹ́. Ilé ìpamọ́ ìwé kan wà ní West End, nítòsí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àtijọ́ ibẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ìlú sì ń sọ èèyàn kalẹ̀ létí rẹ̀. Wọ́n ń wá ẹni tó máa gbálẹ̀ yàrá tí wọ́n ti ń tún ìwé ṣe, tó sì máa máa gbé àpótí. Wọ́n gbà mí. Owó tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn bò, kí ẹ má baà sá lọ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo wọ̀ ní ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, ibẹ̀ ni mo sì ti jáde ní ìyá àgbà.

Lẹ́tà ni wọ́n ń kó jọ síbẹ̀. Kì í ṣe ti ààrẹ, kì í ṣe ti olówó. Lẹ́tà àwọn ará Amẹ́ríkà lásán ni: sójà tó kọ̀wé sílé láti ojú ogun, ìyàwó rẹ̀ tó dá a lóhùn, ọmọ tó lọ síṣẹ́ ní Chicago tó ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń bá ara wọn jà lórí àga tí ìyá wọn fi sílẹ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí á rí wọn lókè àjà lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n á kó wọn wá. Tiwa ni láti tún èyí tó ya ṣe, ká nu èyí tó dọ̀tí, ká sì tò ó síbi tí ọmọ ọmọ ẹlòmíràn ti lè kà á.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Miss Odessa. Obìnrin dúdú ni, ọmọ Georgia pọ́ńbélé, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í fi ẹnu rẹ̀ ṣòfò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò kí mi káàbọ̀. Ọwọ́ mi ló wò. Ó ní, "Kí lo fi pa á?" Mo ní ìpara lásán ni. Ó ní kí n lọ fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́ dé. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kí n padà lọ fọ̀ ọ́. Ó ní kí n bọ́ òrùka. Mo ní òrùka ìgbéyàwó ni. Ó ní ọkọ mi ò ní gbàgbé mi títí dọ̀sán. Mo bọ́ ọ, àmọ́ inú bí mi. Mo ń sọ nínú ara mi pé ṣé ìwé la fẹ́ tún ṣe ni àbí a fẹ́ gbẹ̀bí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí i nínú sinimá pé wọ́n ń wọ ìbọ̀wọ́ funfun fi mú ìwé àtijọ́, ẹ má bá Miss Odessa sọ ọ́. Ó ní ìbọ̀wọ́ ò lójú. Ìka tó mọ́ ló máa mọ ibi tí ìwé ti rẹ̀, ibi tó ti fẹ́ já, kó tó já.

Fún ìgbà pípẹ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan lẹ́tà kankan. Ìwé àtijọ́ tí kò ní nǹkan kan nínú ló ń fún mi. Á ní, "Ya á." Màá ya á. "Tún un ṣe." Màá fi lẹ́ẹ̀ àti ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti Japan tún un ṣe dáadáa. Á gbé e sókè síbi iná, á wò ó, á ní, "Ya á." Mo sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀, kí n wá ṣe nọ́ọ̀sì bí àwọn èèyàn. Mo ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ká sòótọ́, kì í ṣe ọgbọ́n ló mú mi sọ ọ́, agídí ni. Mi ò fẹ́ kí obìnrin yẹn rò pé òun lé mi.

Ohun tó sọ wá di ọ̀rẹ́ ni lẹ́ẹ̀. Sítáàṣì àlìkámà la fi ń ṣe lẹ́ẹ̀ náà, a máa ń sè é lórí iná ni. Lọ́jọ́ kan, fóònù dún, Miss Odessa fi ìkòkò sílẹ̀ lọ gbé e, lẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Mo mú síbí, mo dín iná kù, mo ń rò ó bí a ṣe ń ro ògì nílé, mo ń fi ẹ̀yìn síbí tẹ kókó rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò títí ó fi yọ́. Nígbà tó dé, ó wo inú ìkòkò, ó wo ojú mi. Ó ní, "Níbo lo ti kọ́ èyí?" Mo ní, "Ilé wa. Òun la fi ń já ọmọ lẹ́nu ọmú." Kò yìn mí o. Ó kàn ní, "Láti ọ̀la, ìwọ lo ni lẹ́ẹ̀." Mo délé, mo jó.

Ó ní àwọn òfin tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa ya lẹ́tà sọ́tọ̀ kúrò lára àpòòwé rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa tún sípẹ́lì òkú ṣe. Ó sì kórìíra sẹ́lótéèpù ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ó máa ń sọ pé ẹni tó fẹ́ràn lẹ́tà jù ló máa ń bà á jẹ́, mo sì ti rí i pé òótọ́ ni. Ẹni tí kò bìkítà á jù ú sínú àpótí, á gbàgbé rẹ̀, lẹ́tà á sì wà bó ṣe wà. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ á lẹ̀ ẹ́ ní téèpù, á fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, á gbé e kọ́ ògiri síbi tí oòrùn á ti jẹ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tán.

Òfin tó le jù ni pé a kò gbọdọ̀ máa kàwé nígbà tí a bá ń tún un ṣe. "Ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́, Fola. Ojú kàn ń sìn ín ni." Mo gbìyànjú. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, mo ń tún lẹ́tà ìyàwó àgbẹ̀ kan ṣe, tó ń ròyìn adìẹ rẹ̀ kan fún àbúrò rẹ̀. Adìẹ náà kọ̀ láti yé nínú agbọ̀n tí wọ́n ṣe fún un, inú fìlà tí ọkọ rẹ̀ ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló ń yé sí, ọkọ náà dé fìlà lọ́jọ́ Sunday láìwo inú rẹ̀. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Miss Odessa ò gbójú sókè níbi tábìlì rẹ̀. Ó ní, "Ti adìẹ yẹn ni, àbí?" Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀gá mi náà ń kà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa lẹ́tà ogun. Ogun kì í pọ̀ nínú rẹ̀. Mo rò pé ìbọn àti ẹ̀jẹ̀ ni màá máa bá pàdé. Ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń tọrọ. Wọ́n ń bèèrè bóyá ajá ṣì ń sùn lẹ́nu ọ̀nà, bóyá wọ́n ti tún rọ́ọ̀fù ilé ṣe, ẹni tó bímọ, ẹni tó kú, ohun tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ Keresimesi. Ẹni tó wà nínú ewu á máa kọ̀wé pé kí àwọn tó wà nílé ṣọ́ra. Mo máa ń ro ti ìyẹn títí, àánú wọn á sì ṣe mí.

Ìyá kan tó ń jẹ́ Miss Ernestine náà ń gbé ní West End, nínú ilé tí wọ́n bí i sí. Ó ti dàgbà gan-an nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ̀ lọ sí ogun àgbáyé kejì, àwọn lẹ́tà rẹ̀ sì wà nínú agolo bisikíìtì lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ibi tí wọ́n ti ká wọn ti ń já. Ilé iṣẹ́ wa ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ ká tún wọn ṣe, ká ya fọ́tò wọn, ká sì dá wọn padà. Kò gbà. Lọ́jọ́ kan Miss Odessa ní ká jọ lọ.

Bí mo ṣe fẹ́ gun àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ìyá náà ké láti orí àga pé, "Má tẹ ti ìsàlẹ̀ yẹn! Dá a kọjá!" Mo wò ó. Kọnkéré ni, ó le koránkorán. Èrò mi ni pé ọ̀rọ̀ àgbà ni, àgbà tó bá ní ká fò, à á fò. Mo gbé ẹsẹ̀ gíga, mo dá a kọjá.

Òun àti Miss Odessa jọ sọ̀rọ̀ títí, kò gbà. Mo wá bi í pé ibo ni bàbá yín ti jagun. Ó ní ọ̀nà ni wọ́n ní kí wọ́n là láàárín igbó, ní Burma. Mi ò mọ ìgbà tí mo ké pé, "Bọ́mà!" Mo sọ fún un pé àbúrò ìyá ìyá mi náà lọ síbẹ̀, pé Bàbá Bọ́mà ni gbogbo ìlú ń pè é títí ó fi kú, àti pé ó máa ń sọ fún àwa ọmọdé pé òjò ibẹ̀ ò mọ ìgbà tó yẹ kó dá.

Ìyá náà tẹjú mọ́ mi. Ó ní, "Tiyín padà dé?"

Mo ní, "Ó padà dé, mà. Ó dàgbà, ó darúgbó."

Ó ní, "Tiwa ò dé." Àìsàn ló pa á sínú igbó náà. Ìròyìn ikú rẹ̀ ti délé kí lẹ́tà tó kọ kẹ́yìn tó dé.

Ó dìde fúnra rẹ̀, ó gbé agolo náà, ó kọjá Miss Odessa, ó gbé e fún mi. Mo kúnlẹ̀ gbà á. Ẹ̀rù bà á díẹ̀, kò mọ̀ pé bí a ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà nìyẹn. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ ni mo fi í lé. Ọwọ́ rẹ ni màá ti gbà á, gbogbo rẹ̀, kí n tó kú." Mo ní, "Ọwọ́ mi lẹ ó ti gbà á, mà." Ẹyin lọ̀rọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì sọ ọ́.

Iṣẹ́ náà ń lọ dáadáa títí òtútù ọdún yẹn fi dé. Ẹ mọ Atlanta, a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí òtútù, bó bá wá dé, gbogbo ìlú á dojú rú. Páìpù omi tó wà lókè yàrá ìtúnwèéṣe bẹ́. Òru mọ́jú Sunday ni, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo wà nínú ìsìn nígbà tí fóònù ń gbọ̀n nínú báàgì mi. Mo jáde lọ gbé e. Miss Odessa ni. Kò kí mi. Ó ní, "Fola. Omi." Agolo Miss Ernestine wà lórí tábìlì mi, ó ṣí sílẹ̀, àwọn lẹ́tà náà tò sórí pátákó.

Bọ̀dá Láńre ló ń ṣe áṣà, tó ń júwe ìjókòó fún èèyàn, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra ẹja àti iṣu ní Redan, nítòsí ilé wa. Ó rí i tí mò ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Sister Fọlákẹ́, ẹ ò lè drive báyìí. Ẹ bọ́ sínú van mi."

Nígbà tí a débẹ̀, omi ti mù wá dé ọrùn ẹsẹ̀. Àwọn èèyàn dáadáa kan láti ọ́fíìsì òkè ti dé ṣáájú wa, wọ́n ti ń ṣí lẹ́tà tútù kúrò lára ara wọn, wọ́n fẹ́ máa tẹ́ wọn síwájú ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tí Miss Odessa pariwo nìyẹn. "Ẹ gbé e sílẹ̀! Ẹ má ṣí nǹkan kan!"

Bọ̀dá Láńre ní, "Mummy, ẹ jẹ́ ká kó wọn síta, ká sá wọn. Oòrùn ti ń yọ." Ẹ má bá a wí, nǹkan tí èmi náà fẹ́ sọ nìyẹn. Ohun tó bá tutù nílé wa, oòrùn là ń sá a sí. Miss Odessa ní ìwé tó tutù dà bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, bí èèyàn bá fà á, á já. Bí a bá sì mú un gbóná, èéhù á bò ó kí ilẹ̀ tó mọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ẹyọ nǹkan kan ló lè gbà wá: ká kó gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà sínú yìnyín, kó dì gbagidi, kí a wá mú omi kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wá mí kanlẹ̀. "Ibo la ti fẹ́ rí fírísà tó gba gbogbo èyí lọ́jọ́ Sunday?"

Mo yíjú sí Bọ̀dá Láńre. Ó fi ẹ̀yìn rìn.

"Sister Fọlákẹ́, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o. Christmas stock mi ló wà nínú freezer yẹn. Títọ́ọ̀sì, turkey, pánlá, everything!"

"Bọ̀dá Láńre, ẹ jọ̀ọ́."

"Níbo ni mo fẹ́ kó ẹja sí?"

"Inú van yín. Òtútù tó bẹ́ páìpù, ṣé kò tó ẹja ni? Ìta gan-an fírísà ni lónìí."

Ó wo ìta. Ó wo omi tó wà nílẹ̀. Ó tú táì ọrùn rẹ̀. Ó ní, "God dey. Ẹ jẹ́ ká lọ kó o."

A fi ìwé olóròóró di lẹ́tà ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀, a tò wọ́n sínú ike tó mọ́, àwọn ará ìjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìsìn sì wá pẹ̀lú bàtà gogoro wọn, wọ́n ń gbé e. Ẹja bọ́ sínú ọkọ̀, lẹ́tà bọ́ sínú fírísà. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí oníbàárà bá ní kí wọ́n fún òun ní títọ́ọ̀sì látinú fírísà ńlá, Bọ̀dá Láńre á ní, "Sójà Amẹ́ríkà ló ń sùn níbẹ̀, aunty, ẹ má jí wọn." Ojoojúmọ́ ni mo ń kí i fún ìyẹn, màá sì máa kí i lọ.

Lẹ́yìn náà, a kó wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń fa yìnyín kúrò lára ìwé láìjẹ́ kó tún yọ́ di omi. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dá wọn padà. Ó ya gbogbo wa lẹ́nu bó ṣe dára tó. Ìwé wú díẹ̀, etí rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n yíǹkì dúró. Lẹ́tà bàbá Miss Ernestine, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, mò ń ṣí i, mò ń dúpẹ́. Mo wá dé orí èyí tó gbẹ̀yìn.

Pẹ́ńsùlù kan wà láyé ìgbà yẹn tó jẹ́ pé bí omi bá kàn án, á di elésè àlùkò, á sì máa ṣàn. Bóyá yíǹkì bàbá náà ti tán, pẹ́ńsùlù yẹn ló fi kọ lẹ́tà ìkẹyìn. Ìwé náà wà lódidi. Kò ya rárá. Ṣùgbọ́n elésè àlùkò ló bò ó látòkè délẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù. A ò sì tíì ya fọ́tò rẹ̀. Mo gbé orí lé tábìlì, mo sunkún bí ọmọ kékeré. Miss Odessa fi ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, ìgbà kan ṣoṣo tó ṣe bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ó ní òun máa fi fóònù pè é. Mo ní rárá, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó ní kí òun bá mi lọ nígbà náà. Mo ní èmi ni mo kúnlẹ̀ gbà á.

Mo dá àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ kọjá, mo wọlé. Mo kúnlẹ̀, mo gbé agolo náà lé e lẹ́sẹ̀, mo sì sọ ọ́ jáde láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: páìpù bẹ́, gbogbo rẹ̀ là, àfi èyí tó kẹ́yìn. Mo nà án sí i. Ó gbà á, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó yí i padà, ó fi àtàǹpàkò pa á lára. Mo ń rò pé kó bú mi, kó ṣáà sọ nǹkan.

Ó wá ní, "Àwọn tó kù ńkọ́? Ti Walter? Ti Ruth?"

Mi ò mọ Walter, mi ò mọ Ruth. Mo ní gbogbo àwọn tó kù dára, mà, ọ̀rọ̀ wọn pé.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà mì í títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, dìde nílẹ̀. Tèmi ni omi mú."

Ó wá ṣàlàyé. Ilé tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ gbé jóná kí wọ́n tó bí òun, gbogbo ìwé àti fọ́tò wọn bá a lọ. Nígbà tí bàbá wọn kú sójú ogun, ìyá náà búra pé iná ò ní rí òun mú lẹ́ẹ̀kejì. Ó pín lẹ́tà náà fún àwọn ọmọ rẹ̀, oníkálukú kọ́ tirẹ̀ sórí. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, kí oúnjẹ tó délẹ̀, wọ́n á dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sọ lẹ́tà tiwọn láìwòwé. Ẹni tó bá ṣì í, kò ní fọwọ́ kan oúnjẹ títí á fi sọ ọ́ láìṣì. Ernestine ni àbíkẹ́yìn, lẹ́tà tó dé kẹ́yìn ni wọ́n fún un. Gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti lọ, ìwé nìkan ló kù tó mọ ti Walter àti ti Ruth. "Bí omi bá mú tiwọn, ta ni mo fẹ́ bi?"

Ó di ọwọ́ àga mú, ó dìde. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé, ó sì sọ ọ́. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún yín níhìn-ín:

"Ìyàwó mi ọ̀wọ́n, òjò ò dá níbí. Ẹsẹ̀ mi ti sàn, má dààmú. Ọ̀nà wa ń gùn sí i lójoojúmọ́, mi ò mọ ẹni tó máa gbà á. Mo rí ewé kan nínú igbó tó jọ ẹ̀fọ́ tí ò ń sè, mo sè é, kò jọ tìrẹ lẹ́nu. Kí Walter máa ran Ruth lọ́wọ́ lórí ìṣirò. Sọ fún Ernestine pé kó má jókòó sórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ yẹn, igi rẹ̀ ti jẹrà. Kí gbogbo yín máa dá a kọjá. Èmi ni màá tún un ṣe bí mo bá dé."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn kọnkéré tó le koránkorán yé mi. Wọ́n ti tún àtẹ̀gùn yẹn ṣe tipẹ́, àmọ́ ẹni tó ní òun máa tún un ṣe ò tíì dé, kò sì sí ọmọ rẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ rí. Ẹkún gbé mi, mi ò sì tijú rẹ̀. Nílé wa, bí nǹkan bá ṣòfò tí ẹ̀mí ò bá lọ sí i, a máa ń ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní kí n tún un sọ.

Ó wá jókòó padà, ojú rẹ̀ le bíi ti Miss Odessa. Ó ní, "O ṣèlérí fún mi pé ọwọ́ rẹ ni màá ti gba gbogbo rẹ̀. Ó ku ọ̀kan. Dìde, a kì í jókòó sọ ọ́."

Mo dìde. Ó ń sọ ọ́, mò ń tẹ̀ lé e. Bí mo bá fo nǹkan, á ní, "Ya á." Rárá, ẹ jẹ́ kí n sòótọ́: "Padà sẹ́yìn" ló ń sọ, etí mi ló ń gbọ́ "Ya á." Mo ń lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn, ó ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà, kì í sì í fún mi jẹ títí màá fi sọ ọ́ débi tó fẹ́. Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìṣì, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi bí ẹni tó ń gba ẹrù, ó ní, "Ó dáa. Mo ti gbà á."

Kò pẹ́ púpọ̀ sígbà náà tó sùn, kò jí. Agolo náà wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, gbogbo lẹ́tà wà nínú rẹ̀.

Nísinsìnyí, irinṣẹ́ ti yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, taipuráítà la fi ń kọ káàdì àpótí. Ẹ̀rọ tó ń ya lẹ́tà sínú fíìmù dé, ojú wa ń ro wá nídìí rẹ̀. Síkánà dé, kọ̀ǹpútà dé. Kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ti gbé èyí tó ń ka ìwé àfọwọ́kọ fúnra rẹ̀ wá, ó kà á yára, ó sì sọ àdúrà ìyá kan di bí a ṣe ń se ọbẹ̀. Mi ò bá ẹ̀rọ jà o. Ó dára, ẹ lò ó. A ti tẹ ọ̀rọ̀ Miss Ernestine sínú rẹ̀ náà. Àmọ́ páìpù ń bẹ lókè kọ̀ǹpútà pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ tí mo ṣe nìyẹn. Kò sọ mí di olówó, kò sì sí ọjọ́ tí mo jí tí ó sú mi. Ìyẹn ni kí ẹ fi wọn iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ yàn.

Ọmọbìnrin mi ń gbé ní Dacula. Bí wọ́n bá wá sí ilé mi ní Redan lọ́jọ́ Sunday, kí ìrẹsì tó délẹ̀, Tọ́lá ọmọ rẹ̀ á dìde, á kó ọwọ́ sẹ́yìn, á sọ lẹ́tà náà ní èdè òyìnbó tí wọ́n fi kọ ọ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́ tán láìṣì, ó bi mí pé, "Grandma, did he come back and fix it?" Mo ní rárá, kò dé. Ó jẹun, ó kí mi pé ó dàbọ̀.

Mo dúró lójú fèrèsé, mò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ síbi ọkọ̀ wọn. Àtẹ̀gùn ilé mi le, kò sí èyí tó jẹrà níbẹ̀. Tọ́lá dé ti ìsàlẹ̀, ó dúró, ó gbé ẹsẹ̀ gíga, ó sì dá a kọjá.